Ta Ni Ó Ń Jiyàn, Ọmọ Tàbí Olùkọ́?

Ẹ bá mi wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó dìde láti jiyàn níwájú àwùjọ. Ó kí alága, ó kí àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè, ó kí olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣàṣìṣe, ó kí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ó tó kí gbogbo wa tán, àkókò rẹ̀ ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń ka ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá a kọ, tí ó ti há sórí, wàràwàrà bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. A pàtẹ́wọ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè ní àríyànjiyàn. Irọ́ ni. Ìwé kíkà láìwo ìwé ni.

Mo ti ṣe adájọ́ níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Orí-ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni wọ́n mú wá: àgbẹ̀ wúlò fún ìlú ju olùkọ́ lọ. Ọmọbìnrin kan gbè é lẹ́yìn. Kò bú olùkọ́ rárá; ó ní ebi kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ọmọkùnrin tí ó takò ó dìde, ó ní: 'Alátakò mi sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn olùkọ́.' Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti bá a kọ èsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ! Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin náà láti fèsì, ó pa bébà tì, ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó kólòlò díẹ̀. Ó dúró, ó ronú. Òun nìkan ni ó jiyàn lọ́jọ́ náà, òun náà ni a sì gé máàkì rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere. Ọmọkùnrin ni ó gba ife. Èmi náà fọwọ́ sí i, ojú sì ń tì mí títí di òní. Ìran tí ó ń pe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ní àgbà òṣìkà ni a fi ife dá ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ rárá lọ́lá.

Àwọn kan yóò ní ọmọdé kò lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rò. Ẹ lọ gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ta ni ó bá wọn kọ ìyẹn?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ní ètò mìíràn, èyí tí a fi ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lórúkọ, tí wọ́n ń lò níbi ìdíje yunifásítì àgbáyé. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fi ń múra lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ orí-ọ̀rọ̀. Wọn kì í yan ìhà tí wọn yóò gbè. Olúkúlùkù ní ìṣẹ́jú 7, alátakò sì lè dìde láàrin ọ̀rọ̀ láti bi í léèrè. (Wọn a máa sáré sọ̀rọ̀ jù fún etí tèmi.) Kí ni olùkọ́ fẹ́ bá irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kọ?

Síbẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ kò tán. Kí ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ alátakò sọ, títí alátakò yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun wí, kí ó tó takò ó. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ ìhà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jà nílé.

Bí wọ́n bá tún pè mí ṣe adájọ́, bébà ọwọ́ wọn ni èmi yóò kọ́kọ́ gbà.