Èdè Jámánì àti ọmọ Agbabu: kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó dé Ore

Ní ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, èyí tí àwọn tó kọ ìtàn epo rọ̀bì ilẹ̀ wa sọ pé ti àwọn ará Jámánì ni, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwákiri ní agbègbè Araromi, ní apá ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Òndó lónìí. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ló dá iṣẹ́ náà dúró. Títí di òní, orúkọ Agbabu kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní bitumen. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Jámánì ti mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa. Ìbéèrè tèmi ni pé, ìgbà wo ni ọmọ Agbabu yóò mọ ọ̀nà tiwọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Púpọ̀ nínú àwọn fásitì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe àlejò. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ló yàtọ̀ gedegbe, níbi tí ọ̀pọ̀ àjèjì ti ń san 1,500 owó yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan láti 2017. Fún òbí tí kò ní ilẹ̀ méjì láti tà, ìròyìn ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ní àgádágodo, èdè sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí gan-an. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ìmọ̀ èdè náà sí, láti A1 dé C2. Èsì ìdánwò WAEC nìkan kì í sábà tó láti wọ fásitì wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ lo ọdún kan ní Studienkolleg, ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì tí ń bẹ kí a tó wọ fásitì. Kí wọ́n tó gbà á síbẹ̀ pàápàá, yóò ti ní B1 tàbí B2 lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún yege nínú ìdánwò DSH tàbí TestDaF. Láti orí òfìfo dé B2, nǹkan bíi 600 sí 800 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ́jú 45 ni Goethe-Institut ń kà á sí. Bí ọmọ bá ń gba mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ó ju ọdún kan lọ dáadáa.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wí fún yín pé oṣù mẹ́ta ti tó láti kọ́ èdè Jámánì wọ fásitì, owó yín ló ń wò. Bákan náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ọ̀fẹ́. Láti 2024, ẹni tó ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi 11,904 owó yúrò pamọ́ sí báńkì fún ọdún kan, kí wọ́n lè máa tú 992 sílẹ̀ fún un lóṣooṣù.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ kòkó? Àǹfààní ń bẹ. Mọ̀lẹ́bí tó ń gbé Jámánì lè fọwọ́ síwèé pé òun yóò gbọ́ bùkátà ọmọ náà. Ọ̀nà iṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Ausbildung tún wà, níbi tí wọ́n ti ń san owó oṣù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èdè náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ tí kò tilẹ̀ rìn kúrò nílé lè kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Jámánì ní fásitì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ará ilé wa ní ìkọjá ààlà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu àti Sakété wà, èdè Jámánì wà lára àwọn èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ girama lè yàn, kí ó sì ṣe é nínú ìdánwò baccalauréat. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Togo, tí Jámánì ṣàkóso rẹ̀ láti 1884 títí di 1914. Ọmọ Yorùbá kan lè fi èdè náà jáde girama, èkejì rẹ̀ ní Odigbo yóò sì tó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó kí ó tó rí ibi tó ti lè jókòó ṣe ìdánwò Goethe.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí yóò pa Yorùbá lára. N kò gbà. Ará Jámánì ni Ulli Beier tó dé Ìbàdàn ní 1950. Ó fi ayé rẹ̀ gbé àṣà wa lárugẹ, ó sì dá Iwalewahaus sílẹ̀ ní Bayreuth ní 1981. Kò sọ èdè rẹ̀ nù kí ó tó mọyì tiwa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ bá dúró ṣinṣin kò ní ṣìnà nínú èdè ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò tóbi. Kí ìjọba Òndó àti ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní Ore, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, fún àwọn ọmọ tó wà ní ọdún méjì tó kẹ́yìn girama. Kí wọ́n béèrè fún àgùnbánirọ̀ tó kàwé gboyè nínú èdè Jámánì láti Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Kí wọ́n sì san owó ìdánwò àti owó ọkọ̀ fún àwọn tó bá fi hàn pé àwọn múra.

Ọ̀dà Agbabu ti dúró de àwọn olówó fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, kò sì tíì bàjẹ́ nínú ilẹ̀. Ọmọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì péré ló ní láàárín ìgbà tó gbọ́n tó láti kọ́ èdè yìí àti ìgbà tí yóò jáde girama, wọn kì í sì í padà wá.