Bayern Jàǹfààní, Bayern Náà Ló Pè fún Àtúnṣe

Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá ń sọ̀rọ̀ aṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Jámánì láàárín Bayern Munich àti Borussia Dortmund, ti ọdún 2012 ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà, nígbà tí Dortmund fi góòlù 5 sí 2 na Bayern, tí Lewandowski nìkan sì gbá mẹ́ta wọlé. Eré ọjọ́ náà dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti 2014 ni màá mú, torí òun ló tún òfin ṣe.

Ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún ni, ní Olympiastadion nílùú Berlin, níbi tí aṣekágbá náà ti ń wáyé láti 1985. Ilé méjèèjì ṣì ṣófo. Ní ìdajì kejì, Mats Hummels ti Dortmund fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé Bayern. Dante yára na ẹsẹ̀, ó gbá a jáde. Gbogbo ẹni tó wo àwòrán náà lórí tẹlifíṣọ̀n ló rí i pé bọ́ọ̀lù ti ré ìlà kọjá kí ẹsẹ̀ Dante tó kàn án. Rẹfirí ò fun fèrè, eré ń bá a lọ. Nígbà tó di àfikún àkókò, Arjen Robben gbá ọ̀kan wọlé, Thomas Müller fi ìkejì tì í, ni Bayern bá gbé ife lọ.

Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀rọ̀ náà ní oògùn. Ẹ̀rọ tó ń ta rẹfirí lólobó pé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà ti ń ṣiṣẹ́ ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2013. Ní oṣù Kẹta 2014, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì dìbò lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Nínú 18 tó wà ní ìpele kejì, mẹ́ta péré ló gbà. Wọ́n ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ti kígbe ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá 2013, Stefan Kießling ti Leverkusen fi orí kan bọ́ọ̀lù nílé Hoffenheim. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn òpó, ó bá ihò ara àwọ̀n wọlé. Kießling fúnra rẹ̀ ti káwọ́ lérí pé òun tàsé, àfi bí wọ́n ṣe kà á sí góòlù. Leverkusen borí pẹ̀lú 2 sí 1. Hoffenheim pẹjọ́ pé kí wọ́n tún eré náà gbá, wọ́n dá ẹjọ́ náà nù pé ohun tí rẹfirí bá ti sọ labẹ gé. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ta ló wá jí ọ̀rọ̀ náà dìde lẹ́yìn aṣekágbá Berlin? Bayern ni. Ẹgbẹ́ tí àṣìṣe náà ṣe lóore ló gbé àbá tuntun síwájú àjọ tó ń darí líìgì. Nínú oṣù Kejìlá 2014, 15 nínú 18 ẹgbẹ́ ìpele kìíní fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sáà 2015/16.

Àwọn kan á ní Bayern ti gbé ife wọlé tán kó tó rántí òdodo, àti pé owó ẹ̀rọ ò lè pa olówó lára. Mo gbà. Síbẹ̀, tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bá ń pariwo, aráyé á ní ó kàn ń bínú pé òun pàdánù ni. Tí ẹni tó jàǹfààní bá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ò dáa, kò sẹ́ni tó máa rí ìyẹn sọ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí ò tà lẹ́nu Hoffenheim fi tà lẹ́nu Bayern.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìpele kìíní nìkan ni ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì náà kàn. Àwọn tí owó dí lọ́wọ́ lóṣù Kẹta, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n fi wọ́n sí. Bí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá bá fẹ́ ká yìn wọ́n dọ́ba lórí òdodo, kí wọ́n bá àwọn kéékèèké san nínú owó ẹ̀rọ.