Ìsinmi Kò Lè Rọ́pò Oògùn
Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi sinmi ní Negril, ìlú etí òkun kan ní Jàmáíkà. Afẹ́fẹ́ òkun tù mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tì ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi kò gbà: ó bu omi wá, ó sì dúró tì mí títí mo fi lo oògùn náà. Òun ló jàre. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára láìsí ìnira kankan, kí ó sì fa rọpárọsẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá ń lọ sinmi, ẹ mú oògùn yín dání, kí ẹ sì bá olóòótọ́ ọ̀rẹ́ lọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.