Ẹni Tí Ń Fun Fèrè Ni Kí Ó Máa Wẹ̀ Ẹ́

Ní ilẹ̀ Àkókó yìí, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìwàrò-Ọ̀kà, ó ṣòro kí ọjọ́ ìkórè, tàbí ìsìnkú àgbàlagbà, tàbí ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ kọjá kí etí wa má gbọ́ ohùn fèrè idẹ. Bí a bá fun ún ní ìsàlẹ̀, àwọn àpáta Ọ̀kà a gbà á, wọn a sì dá a padà fún wa. Inú tọmọdé tàgbà a dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayẹyẹ bá parí ńkọ́? A ó da fèrè sínú àpótí pẹ̀lú itọ́ inú rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn pa, ó di ọjọ́ ayẹyẹ mìíràn. Àṣà yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa jíròrò lé lórí. Èrò tiwa ni pé kí a fi fèrè kọ̀ọ̀kan lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí onítọ̀hún máa gbé e lọ sí ilé, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ìkókó.

Fèrè idẹ kì í ṣe àlejò àná láàárín wa. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó láti 1908. Ẹgbẹ́ Salvation Army, tí a mọ̀ káàkiri ayé fún fèrè fífun, dé Èkó ní 1920. Ní 1925, Moses Orímọládé Túnọláṣé, ọmọ Ìkàrẹ́ tiwa níhìn-ín, dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, ìpè sì ń dún nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà títí di òní. Idẹ fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa ju fèrè lọ. Ní 1938, nígbà tí a ń wa ilẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a bá àwọn orí tí àwọn àgbà fi idẹ àti bàbà rọ. Wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, síbẹ̀ ojú, imú àti ètè wọn hàn kedere. Bí idẹ bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú erùpẹ̀, kí ló dé tí fèrè wa fi ń di àkísà láàárín ọdún díẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Idẹ tí a fi ṣe fèrè kò nípọn. Ìwọ̀n ìdajì mìlímítà péré ni. Bàbà àti sínkì ni a yọ́ pọ̀ láti fi ṣe idẹ. Nínú fèrè púpọ̀, bàbà kó nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún, sínkì sì kó ìyókù. Nígbà tí a bá ń fun fèrè, èémí wa a di omi nínú rẹ̀, itọ́ a bá a lọ, èérún oúnjẹ a sì tẹ̀ lé wọn. Bí ìdọ̀tí yìí bá jókòó síbẹ̀, yóò kan, kíkan rẹ̀ yóò sì máa jẹ sínkì inú idẹ díẹ̀díẹ̀, yóò fi bàbà nìkan sílẹ̀. Nígbà náà ni a ó rí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú lára fèrè. Àmì náà kò ti òde wá. Inú ni ó ti ń jẹ bọ̀ wá sí òde. Bí ó bá ti di ihò, kò sí bí a ti lè fọ̀ ọ́ tí yóò dí. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Níbí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Wọ́n rò pé fèrè tí ó bá ń dán ti mọ́. Bí ọjọ́ ayẹyẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a mú ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti iyanrìn, wọn a sì fi ha fèrè títí yóò fi máa kọ mànà. Òótọ́ ni pé báyìí ni àwọn ìyá wa ti ń fọ ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà nípọn, fèrè kò nípọn. Ọ̀pọ̀ fèrè ni a fi ọ̀dà mímọ́ gaara bò ní ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Ọ̀dà náà ni ẹ̀wù rẹ̀. Bí a bá ha á kúrò, òógùn ọwọ́ wa, tí ó ní iyọ̀ nínú, yóò kan idẹ ní ìhòòhò. Aṣọ rírọ̀ nìkan ni ó yẹ kí a fi nù ún lẹ́yìn tí a bá fun ún tán.

Ọ̀nà tí a ń gbà wẹ fèrè kò ṣòro, kò sì ná wa ní owó púpọ̀. Nígbàkigbà tí a bá fun ún tán, kí a da omi inú rẹ̀ nù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ ẹnu fèrè. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, kí a bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Omi gbígbóná kò dára, nítorí ó ń bó ọ̀dà ara fèrè. Kí a yọ àwọn ọ̀pá tí ń fà jáde àti àwọn fáàfù, kí a má sì jẹ́ kí aṣọ òwú tí ó wà lórí fáàfù rin. Lẹ́yìn èyí, kí a wẹ inú fèrè, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó tò ó padà.

Fáàfù ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ. Kàkàkí àwọn ọba kò ní fáàfù rárá. Ní ilẹ̀ Jámánì ni ọgbọ́n yìí ti wá, níbi tí Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1818. Àlàfo tí ó wà láàárín fáàfù àti ihò rẹ̀ kò tó ìbú fọ́nrán irun kan. Nítorí náà, nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bo gbogbo Àkókó, ìwọ̀nba eruku díẹ̀ tó láti dá a dúró gbagidi. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣe fún un ni kí a kán sí i. Epo pupa, òróró ẹ̀pà àti òróró àgbọn kò yẹ ẹ́, nítorí bí ó bá pẹ́ wọn a lẹ̀ bí oje igi. Vaseline díẹ̀ tó fún àwọn ọ̀pá tí ń fà jáde. Nọ́ńbà 1, 2 àti 3 wà lára àwọn fáàfù. Kí olúkúlùkù padà sí ilé tirẹ̀. Bí ẹnu fèrè bá há, kí a má ṣe fi òòlù tàbí pínsà bá a jà. Bí ara rẹ̀ bá sì tẹ̀, kí a má ṣe gbé e lọ sínú iná alágbẹ̀dẹ, nítorí òjé tí ó so oríkèé rẹ̀ pọ̀ yóò yọ́.

Ọ̀ràn yìí kan ẹ̀mí pẹ̀lú. Ní 2010, àwọn oníṣègùn ní Connecticut ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọkùnrin kan, ẹni ọdún 35, tí ń fun trombone, tí ó sì ti ń wúkọ́ fún ọdún 15. Nígbà tí wọ́n yẹ inú fèrè rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò àìfojúrí níbẹ̀, àti ohun tí ń hù bí èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi sípíríìtì wẹ inú fèrè náà, ikọ́ fi í sílẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń dá fun fèrè tirẹ̀, kí ni kí a sọ nípa ẹnu fèrè kan tí ẹni márùn-ún ń fi sí ẹnu láìfọ̀ ọ́?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé fèrè kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni, nítorí náà kò yẹ kí ó kúrò nínú àpótí. Àwa sọ pé nítorí èyí gan-an ni ó fi ń jìyà. Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé jọ ni, olúkúlùkù a rò pé ẹnìkejì ti fún un ní oúnjẹ. Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn ọmọdé yóò bà á jẹ́ ní ilé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ ẹni tí ó gbé e sínú ìwé, kí ọ̀gá olórin sì máa yẹ inú rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹni tí ó mọ̀ pé a ó bi òun léèrè kò ní fi fèrè sílẹ̀ fún ọmọdé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó túká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú àti ní abúlé. Níbẹ̀, a ó bá fèrè tí àwọn òbí dá owó díẹ̀díẹ̀ rà nínú ohun tí wọ́n rí lórí kòkó àti iṣu. Àwọn ọmọ yóò máa wo ọwọ́ wa. Bí wọ́n bá rí i pé a ń wẹ inú ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ju ti orin lọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín, ní oṣù yìí, kí ọyẹ́ tó dé.