Arúgbó Dà Nínú Ọrẹ Wa?

Ẹ̀yin ará, ní California, l'Ámẹ́ríkà, ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù owó orí lè kọ iye tó bá wù ú síbẹ̀ fún àwọn arúgbó. Wọn ò fipá mú un. Àwa ará Minna ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 16, dárúkọ ìtọ́jú arúgbó, àmọ́ a ò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó dáa, ẹ wo àpò ìwé ọrẹ tiwa: ìdámẹ́wàá wà, ìdúpẹ́ wà, owó ilé kíkọ́ wà. Arúgbó dà? Àwọn tó ń fi Kọ́bánì du òbí wọn, Jésù bá wọn wí. Ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan kún un. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Aṣọ ẹbí ọjọ́ ìsìnkú ò lè bọ́ wọn o!