Ìkéde Àwa Tí A Fẹ́ Wà Níbi Tí A Wà

Ojú ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn nílẹ̀ Yorùbá kí ẹnu tó kí i. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Onídìrí, ojú gbooro o. Aláró, àrẹ̀dú o. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Bí o ò bá wo èèyàn, kò sí bí o ṣe fẹ́ kí i. Àmọ́ lóde òní, "báwo ni" la ń jù síra wa, tí ojú wa sì wà lórí fóònù.

Ohun tó kó wa jọ nìyẹn, àti mùsùlùmí, àti onígbàgbọ́, àti oníṣẹ̀ṣe. A ń kéde pé ibi tí a bá wà la ó máa wà.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ wa yóò kan orí kó tó kan fóònù. Igbe kọ́ la ó máa fi jí ọmọ wa. Oríkì rẹ̀ la ó fi jí i, Àjàní, Àṣàkẹ́, kó gbọ́ oríkì ara rẹ̀ kó tó gbọ́ ariwo ayé. (Ó ti mú kí ọmọ tèmi pẹ́ dé ilé ìwé rí. Mi ò kábàámọ̀.)

Thich Nhat Hanh, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ará Vietnam tó kú ní 2022, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Chan Khong, ló dá ibùdó àṣàrò Plum Village sílẹ̀ ní Faransé ní 1982. Bí agogo bá dún níbẹ̀, tàbí tẹlifóònù, alásè á dúró, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́, wọn á mí sínú, wọn á mí síta, kí oníkálùkù tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í wá agogo lọ sí Faransé. Ladánì ń pè lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ń lu agogo, iná ń dé, àwọn ọmọdé á sì hó yèè. Ẹni tí yóò dúró ló kù. A ó máa dúró.

A kọ ayọ̀ tó ń dúró de Sátidé àti aṣọ ẹbí. Ẹ wo ìdí ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ọpọ́n, torí ẹni tó bá gbójú kúrò ti jẹ gbèsè. Irú ayọ̀ yẹn là ń wá, nídìí ọlọ, nínú ọkọ̀ èrò, nídìí àwo ọbẹ̀.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ẹni tí wọn ò san owó oṣù rẹ̀, a ò ní sọ fún un pé kó máa mí sínú, kó máa mí síta. Owó rẹ̀ la ó bá a gbà. Ìfarabalẹ̀ tí wọ́n bá fi ń pa ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́nu mọ́, kì í ṣe tiwa.

A kì í gba owó, a ò sì ní káàdì. Bí o bá fẹ́ bá wa ṣe é, ẹni àkọ́kọ́ tí o bá pàdé lọ́la, wo ohun tó ń ṣe dáadáa, kí o sì kí i bó ṣe yẹ.