Ìbọn Lọ́wọ́ Awakọ̀ Òfúrufú

Ìjọba tí ó bá gbé ìbọn lé ènìyàn lọ́wọ́ pé kí ó fi dáàbò bo ará ìlú, òun náà ni ó yẹ kí ó ru ẹrù ẹ̀kọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣahun lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn apániláyà 19 já bàálù 4 gbà, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì ṣòfò. Ní ọdún 2002 ni wọ́n ṣòfin pé kí awakọ̀ òfúrufú tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ máa gbé ìbọn sínú yàrá tí ó ti ń wa ọkọ̀. Àwọn 44 àkọ́kọ́ yege ní Glynco, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní oṣù Kẹrin ọdún 2003. Ìjọba pèsè ìbọn àti olùkọ́. Ṣùgbọ́n àkókò ìsinmi wọn ni àwọn awakọ̀ náà fi kẹ́kọ̀ọ́, àpò ara wọn ni wọ́n sì ti san owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Artesia, ìlú kékeré kan ní New Mexico, tí ó jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú ńlá. Ṣé báyìí ni a ṣe ń pe ènìyàn síṣẹ́ ìlú?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Bàálù US Airways kan ń bọ̀ láti Denver sí Charlotte, ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀, ni ìbọn bá dún nínú yàrá awakọ̀. Ọta rẹ̀ dá ara ọkọ̀ lu. Orí ló kó èrò yọ, kò sí ẹni tí ó fara pa. Àkọ̀ tí ìjọba fún awakọ̀ náà ní ihò tí wọ́n ń ki àgádágodo bọ̀, ihò ọ̀hún sì wà létí irin tí a ń fà kí ìbọn tó dún. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìbọn ṣèèṣì dún.

Síbẹ̀, ní ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Obama dábàá pé kí wọ́n gé owó ètò yìí sí nǹkan bí ìdajì. Wọ́n ní ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òótọ́ ni, ilẹ̀kùn náà le. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jẹun, ó sì ń tọ̀. Nígbà tí ó bá jáde, ilẹ̀kùn a ṣí sílẹ̀, bí ó ti wù kí irin rẹ̀ nípọn tó.

Bí wọ́n bá rò pé ìbọn kò wúlò níbẹ̀, kí wọ́n gbà á padà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ilé aṣòfin wọn máa yọ owó ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn àwọn tí wọ́n ti gbà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n tó ka iye awakọ̀ tuntun tí wọn yóò fi kún un.